Láti Universal Analytics sí Google Analytics 4: Àyípadà nínú Ọ̀nà Tí A Fi Ń Ka Òǹkàwé Orí Ìkànnì

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó ti ń gbé jọ́nà àti iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn sórí ìkànnì ayélujára. Bí ó bá jẹ́ ìwé orí bébà ni, a lè bi òǹtàwé ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Agbowó léèrè iye ẹ̀dà tí ó tà. Iṣẹ́ orí ìkànnì kò ní ẹ̀dà tí a lè kà báyẹn. Síbẹ̀, bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí a ń ná lórí ìkànnì náà tọ́, iye òǹkàwé ni ẹ̀rí tí a óò gbé síwájú wọn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ẹ̀rí náà, àyípadà tí ó dé bá a, àti ìdí tí òǹkà àtijọ́ àti òǹkà tuntun kò fi ṣeé kọ sínú àtẹ kan náà.

Bí irinṣẹ́ náà ṣe dé

Ní ọdún 2005, Google ra ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Urchin ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pè é ní Google Analytics. Kóòdù kékeré kan ni a ń fi sínú ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ojú-ewé náà, kóòdù yìí yóò ránṣẹ́ sí Google pé àlejò dé. Ẹ̀dà tí a mọ̀ sí Universal Analytics bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Google Analytics 4 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Google kéde pé àwọn yóò pa ti àtijọ́ tì, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣíwọ́ kíkà. Àwọn tí ń sanwó ní tiwọn rí ọdún kan gbà sí i. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó wà lórí ìkànnì rẹ̀, kí ó wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ inú kóòdù náà: ti àtijọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UA, ti tuntun pẹ̀lú G. Bí ó bá jẹ́ UA nìkan ni ó bá níbẹ̀, kí ó tètè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí òǹkà náà ti dúró láti ìgbà náà.

Ìbẹ̀wò àti ìṣẹ̀lẹ̀

Universal Analytics gbé òǹkà rẹ̀ lé orí ìbẹ̀wò: àlejò wọlé, ó ṣí ojú-ewé kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jáde. Google Analytics 4 gbé tirẹ̀ lé orí ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣíṣí ojú-ewé jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, yíyí i dé ìsàlẹ̀ jẹ́ òmíràn, gbígba fáìlì sílẹ̀ náà sì jẹ́ òmíràn. Ó ṣì ń ka ìbẹ̀wò, ṣùgbọ́n láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ti ń ṣà á jọ. Ká ní ọjà Bódìjà ni, ti àtijọ́ dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń ka iye ẹni tí ó wọlé àti iye ìsọ̀ tí olúkúlùkù wọn yà. Ti tuntun dà bí ẹni tí ó jókòó sínú ìsọ̀ ẹlẹ́wà, tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ná ọjà, ẹni yìí ní kí wọ́n wọn kóńgò méjì fún òun.

Àwa tí a ń kọ iṣẹ́ gígùn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó tí ó ṣí àpilẹ̀kọ lórí ìró ohùn, tí ó fi ogójì ìṣẹ́jú kà á, tí ó sì jáde láìṣí ojú-ewé mìíràn. Àkókò tí ó wà láàrin ṣíṣí ojú-ewé kan àti èkejì ni Universal Analytics fi ń wọn bí àlejò ṣe pẹ́ tó. Níwọ̀n bí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ti ṣí èkejì, òdo ni àkókò rẹ̀, a ó sì kà á mọ́ àwọn tí a lè pè ní ayọjú-lọ. Inú ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ẹni tí ó ṣìnà dé ibẹ̀ tí kò ka ìlà kan wà. Lójú tèmi, àbùkù ńlá nìyẹn, pàápàá fún jọ́nà. Ní ti Google Analytics 4, bí ìbẹ̀wò bá ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, tàbí tí àlejò ṣí ó kéré tán ojú-ewé méjì, tàbí tí ó ṣe ohun kan tí oní-ìkànnì ti yàn ní pàtàkì, ìbẹ̀wò ìfarabalẹ̀ nìyẹn. Ìyókù ni ayọjú-lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò tó ka gbólóhùn Yorùbá kan tí ó gùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó sàn ju òdo lọ.

Bákan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa dúró de òru nítorí pé dátà òru kò wọ́n. Ti àtijọ́ a máa gé ìbẹ̀wò sí méjì bí agogo méjìlá òru bá ti lù. Ti tuntun kì í gé e.

Nítorí náà, bí iye ayọjú-lọ ìkànnì kan bá lọ sílẹ̀ láàrin ọdún 2022 àti 2024, kí a má ṣe tètè yọ̀. Ẹni tí ó fi kóńgò wọn ẹ̀wà lọ́dún kan, tí ó fi kílò wọ̀n ọ́n lọ́dún kejì, kò lè sọ pé ọjà òun pọ̀ sí i nítorí pé nọ́ńbà yí padà. Ibì kan sì wà tí àwọn méjèèjì ti jọra: ẹ̀rọ ni wọ́n ń kà, wọn kò ka ènìyàn. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge lè di àlejò kan ṣoṣo, nígbà tí olùkọ́ kan tí ó lo fóònù nílé, tí ó sì lo kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, lè di méjì.

Àkọsílẹ̀ tí kò sí mọ́

Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974, "aiye" di "ayé", "nwọn" di "wọ́n", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kó ìwé àtijọ́ sun. Ìwé tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938 ṣì ṣeé kà ní àkọtọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ti Universal Analytics kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé kó lọ sínú ti tuntun, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, Google ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa pátápátá. Ẹ̀ka tí kò wa àkọsílẹ̀ tirẹ̀ jáde ṣáájú ọjọ́ náà kò ní ẹ̀rí kankan lọ́dọ̀ Google mọ́ nípa àwọn tí ó ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2015 tàbí 2019.

Ti tuntun náà kò tọ́jú ohun gbogbo títí ayé. Oṣù méjì péré ni ó fi ń pa kúlẹ̀kúlẹ̀ àkọsílẹ̀ lórí àlejò mọ́, àfi bí oní-ìkànnì bá yí i sí oṣù 14. Ọjọ́ tí a bá ṣí àkáùntì gan-an ni ó yẹ kí a ti yí i. Ó tún lè tọ́jú ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò tẹ̀ sínú àpótí ìwáǹkan ìkànnì. Iṣẹ́ ìwádìí wà níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: ẹni tí ó tẹ "oko" láìsí àmì, ṣé oko ni ó ń wá ni, tàbí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí ọ̀kọ̀?

Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ìkànnì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ wa àwọn àtẹ òǹkà jáde, kí ó tẹ̀ wọ́n sórí bébà, kí ó fi wọ́n sínú fáìlì ẹ̀ka pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí ó kọ orúkọ irinṣẹ́ náà àti ọjọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹni tí yóò yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè mọ òṣùwọ̀n tí a lò.