Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ jẹ́ kí kéèkì tutù kí ẹ tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ òbí tó fẹ́ ṣe kéèkì ọjọ́ìbí Mickey Mouse nílé ló rò pé àfi ẹni tó mọ àwòrán yà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí Mickey kò ju róbótó mẹ́ta lọ: ńlá kan, kékeré méjì fún etí, abọ́ àti ife tó láti fi wọ̀n ọ́n. Ooru ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bọ́tà máa ń yọ́ bí ooru bá tó ìwọ̀n 32 sí 35 ti Celsius, ọ̀sán Èkó sì sábà máa ń ju 30 lọ. Bí kéèkì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, áísìn bọ́tà orí rẹ̀ yóò ṣàn.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣebí fíríìjì wà?” Ó wúlò fún áísìn bọ́tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fondant (áísìn ṣúgà tí a máa ń tẹ́ bo kéèkì) tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sínú ooru máa ń làágùn: omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé ojú rẹ̀, àwọ̀ dúdú á sì ràn mọ́ pupa. Bí ẹ bá ní àkókò kò sí, ẹ yan kéèkì lálẹ́, tó bá ti tutù tán, ẹ wé e sí náílọ́ọ̀nù, kí ẹ ṣe ọ̀ṣọ́ láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú.