Ìlọrin Orí Òkun, Ọfọ̀ Inú Ìwé Òyìnbó

Ẹni tó bá mọ Ìlọrin yóò rẹ́rìn-ín nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣí Children of Blood and Bone. Nínú ìwé náà, orí òkun ni Ìlọrin léfòó sí, ẹja sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pa jẹ. Èkó ni ààfin ọba wà, Ìbàdàn di ìlú orí òkè. Tomi Adeyemi, tó kọ ọ́, kò ṣìnà o. Ńṣe ló tú ilẹ̀ Nàìjíríà ká, ó tún un tò bó ṣe wù ú, ó sì sọ ọ́ ní Òrìṣà.

Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1993. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi èdè Yorùbá kọ́ ọ. Ìlú Salvador ní Bràsíl, níbi tó ti lọ ṣe ìwádìí lẹ́yìn tó jáde ní Yunifásítì Harvard, ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, àwọ̀ wọn dúdú bíi tirẹ̀. Ohun tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọdá òkun ló tún já sọ́wọ́ ọmọ Yorùbá níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ ìwé náà fún, ó sì jáde ní 2018, ọgọ́rin ọdún géérégé lẹ́yìn tí ìwé Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà jáde.

Ọmọ ọdún 17 ni Zélie tó ń sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà. Ó ti tó ọdún 11 tí Ọba Saran ti pa àwọn tó ní agbára òrìṣà, ìyá Zélie sì wà lára wọn. Funfun ni irun àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù. Òun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. “Ìdin” ni wọ́n fi ń bú wọn, owó orí wọn kò sì yé lé sí i. (Ẹni tó bá ti rí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú irun dàda kò ní bèèrè ìdí tó fi jẹ́ irun.) Ọjọ́ tí Zélie lọ ta ẹja l'Ékòó ni Amari, ọmọ ọba, sá bá a lọ́jà pẹ̀lú ìwé kíká tó jí ní ààfin, èyí tó lè sọ agbára náà jí. Wọ́n gun kìnnìún oníwo, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Inan, ẹ̀gbọ́n Amari, ń lé wọn bọ̀, bẹ́ẹ̀ agbára tí bàbá rẹ̀ kórìíra ti ń sọ jí lára òun náà. Ìfẹ́ tó padà wọ àárín òun àti Zélie yá jù, ká sọ tòótọ́.

Adeyemi kò fi ohun tó bí ìwé náà pa mọ́: ìròyìn àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tó ń yìnbọn pa aláwọ̀ dúdú tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọfọ̀ ló dùn jù fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Ọya ni Zélie, ẹ̀mí òkú ló ń pè. Bó bá ti fẹ́ pè wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì á dákẹ́, Yorùbá á gbẹnu rẹ̀. Ọmọ Chicago lè rò pé òǹkọ̀wé ló hun èdè náà. Ọmọ Abẹ́òkúta á gbọ́ ọ ketekete. Èdè yìí gan-an ni Ọba Saran fòfin dè. Ọmọ tó ti san owó ìtanràn rí nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì kò nílò àlàyé níbẹ̀.

Ìwé kejì dé ní 2019, ìkẹta ní 2024. Ní báyìí, Gina Prince-Bythewood ti sọ ti àkọ́kọ́ di fíìmù, Thuso Mbedu, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló sì ṣe Zélie. Nínú ìwé, ojú lásán ló ń ka ọfọ̀. Nínú fíìmù, ẹnu ni yóò pè é, etí àwọn ará Ìlọrin, èyí tí kò sí lórí òkun, á sì wà níbẹ̀ láti gbọ́ bóyá ohùn ṣe déédéé.