Hilux àbí F-250? Ẹ bi òkè Ẹ̀fọ̀n léèrè

Ní Ìjerò, níbi tí lítíọ́mù àti tántáláìtì wà nínú àpáta, ẹni tó bá fẹ́ fọ́ òkúta nílò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: ẹ̀rọ onítáyà tó lè wọn tọ́ọ̀nù méjì, tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù fà kiri. Pikọ́ọ̀pù wo ló yẹ kó fà á? Àwọn kan á ní F-250 ni bàbá. Àwọn kan á ní Hilux ti tó, ta ló fẹ́ máa ra epo fún erin? Láti May 29, 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí bẹntiróòlù fò láti iye tí kò tó ₦200 sí ohun tó ju ₦480 lọ, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní fáàrí.

Ẹ jẹ́ ká fi físíìsì wò ó. Kí tọ́ọ̀nù kan tó gun òkè tó ga ní mítà 100, ó gba agbára bíi mẹgajúùlù kan. Ẹni tó bá ti gba Aràmọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè mọ̀ pé òkè ò wọ́n lọ́nà yẹn. Hilux wọn bíi tọ́ọ̀nù méjì, F-250 bíi mẹ́ta. Tí a bá so kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mọ́ ọn, ó di mẹgajúùlù mẹ́rin sí márùn-ún. Nínú líta dísẹ́ẹ̀lì kan, mẹgajúùlù 36 ló wà, àmọ́ bíi 12 péré ló ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Ìyókù di ooru, ó bá sàlẹ́ńsà àti rédíétọ̀ lọ. Nítorí náà, Hilux á jẹ bíi líta 0.33, F-250 á jẹ bíi 0.42. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọjọ́ tí kò sí ẹrù lẹ́yìn: 0.17 sí 0.25. Ẹni tó ń fa ẹrù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó wá ń fi F-250 lọ ra búrẹ́dì ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, ń san ìlọ́po kan àbọ̀ lórí gbogbo òkè tó bá gùn. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń jò.

Kí wá ni F-250 ní? Agbára ìyí. Ẹ ti rí fọkanáísà tó ki páìpù bọ sípánà kí nọ́ọ̀tì tó le lè tú. Apá rẹ̀ ò lágbára sí i o, ọwọ́ sípánà ló gùn sí i. Nm la fi ń wọn ìyẹn. Hilux 2.7 oníbẹntiróòlù tó kún ìgboro ní 245 Nm, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ yí tó ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó rí gbogbo rẹ̀ lò. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó bá fa ẹrù gun òkè. Hilux 2.4 onídísẹ́ẹ̀lì ní 400 Nm, láti bíi 1,600 ló ti ń mú un jáde. F-250 onídísẹ́ẹ̀lì ti ọdún 2020 lè ju 1,400 Nm lọ. Lójú tèmi, Hilux onídísẹ́ẹ̀lì ti tó fún tọ́ọ̀nù méjì. Ẹni tó ń fa márùn-ún tàbí mẹ́fà lójoojúmọ́ ni kó lọ ra F-250, torí Hilux tó lágbára jù ò kọjá tọ́ọ̀nù 3.5.

Gígun òkè kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, sísọ̀kalẹ̀ ni. Mẹgajúùlù mẹ́rin tẹ́ ẹ fi gun òkè ò lọ síbì kankan. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, búréèkì ló máa sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ooru, ooru tó lè mú omi líta 13 hó! Ẹ lo jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì bá búréèkì gbé díẹ̀ níbẹ̀. F-250 tún borí níbí, nítorí ẹrù máa ń ti ọkọ̀ tó fúyẹ́ nídìí.

Tọ́ọ̀nù 3.5 tí wọ́n kọ fún Hilux yẹn, ẹrù tó ní búréèkì tirẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún o. Tí wẹ́dà bá kàn jó irin pọ̀ tó sì fi táyà méjì sí i láìsí búréèkì, ìwọ̀n náà já wálẹ̀ sí kílò 750. Ẹ ò rí i pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti kọjá ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ. Torí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè iye líta tí ọkọ̀ ń jẹ, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí táyà ẹrù yẹn bóyá búréèkì wà níbẹ̀.