Ta Ni Kí A Gbé Ìnáwó Wa Lé Lọ́wọ́ Lórí Ayélujára?

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdí nìyí tí àwa Yorùbá fi ń ti ìlú dé ìlú lọ síbi ìnáwó ara wa. Ṣùgbọ́n ayé ti gbòòrò. Ọmọ olóòkú lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àbúrò rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, kí ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn sì jókòó sí Iléṣà, kí gbogbo wọn sì fẹ́ fojú ara wọn rí ohun tí ó ń lọ ní Muṣin. Ẹni tí a bá háyà láti gbé ìnáwó náà sórí ayélujára ni ó di ojú fún wọn. Báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ó tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́?

Nígbà kan rí, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìbéèrè yìí. Nígbà tí a ṣí FESTAC ní Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ìjọba nìkan ni ó ní iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 1992 ni òfin tó fàyè gba àdáni. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-gbélé ní Èkó láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìgbéyàwó, ìsìn àti ìsìnkú rọ́ wọ orí ayélujára. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di òwò gidi. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù kan àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lè sọ pé òun ń ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Mo wà níbi ìsìnkú kan ní Muṣin. Lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, ẹni tí wọ́n háyà dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, àwòrán sì mọ́ gaara. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí èrò pé, tí oníkálukú yọ fóònù tirẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì há. Síìmù kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà mú wá. Bí àlùfáà ti bu iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, àwòrán dúró gbagidi. Àkọ́bí olóògbé wà lókè òkun, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wálé. Nígbà tí àwòrán yóò fi padà, wọ́n ti bo sàréè tán. A lè tún ọjọ́ ìbí ṣe, ṣùgbọ́n a kì í sin òkú lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ni ó fà á? Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan dà bí ẹ̀rọ omi àdúgbò: bí garawa bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, omi kò ní í tètè kún ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò mú síìmù iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta dání, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì.

Iṣẹ́ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni àwòrán àti ohùn. Ẹni tí ó wà lókè òkun lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohùn, ó ti sú u nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò fa ohùn láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn, tàbí etí fóònù nìkan ni wọn yóò fi gbọ́.

Èkejì ni ọ̀nà tí àwòrán yóò gbà kúrò ní gbọ̀ngàn. Bí ẹ bá ń wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wo bí ó ṣe ń gbé ohun lọ, kì í ṣe bí ó ṣe ń gbé ohun wá. Àwòrán tí ó ń lo mẹ́gábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò jẹ dátà tí ó tó gígábáìtì 1.35 ní wákàtí kan. Bí ìnáwó bá gba wákàtí mẹ́fà, ó ti lé ní 8. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó dátà náà.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti wò ó. Zoom dára fún ìpàdé tí a ti fẹ́ bá ara wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀fẹ́ kò kọjá ìṣẹ́jú 40 àti ọgọ́rùn-ún ènìyàn. YouTube àti Facebook dára bí èrò bá pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá tíì lo YouTube bẹ́ẹ̀ rí lè dúró tó wákàtí 24 kí wọ́n tó ṣí i fún un. Láti oṣù kejì ọdún 2025, Facebook kì í tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ẹ̀rọ wọn a sì máa dá àwo olórin mọ̀, wọ́n lè pa ohùn mọ́ wa lẹ́nu nígbà tí ijó bá dùn jù.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá wá wo gbọ̀ngàn yín kí ó tó dá iye, ẹ má fún un ní àsansílẹ̀. Ẹ bi í pé: bí iná bá lọ ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ńkọ́? Bí ó bá búra pé kò lè já, irọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ayélujára sì dà rú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan àwọn báńkì wa. Ìdáhùn tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé òun yóò gbé bátìrì wá, àti pé kámẹ́rà yóò máa ká ohun gbogbo sínú ara rẹ̀, kí ẹni tí kò rí i lónìí lè rí i lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Kò sí àní-àní pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbowó ju ẹlòmíràn lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n kí ìdílé tí ó ń ra aṣọ ẹbí, tí ó ń pa màlúù, má ṣe fi owó ojú àwọn tí kò lè wá ṣe ahun. Bí ọ̀fọ̀ tilẹ̀ ṣẹ̀ wá, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.