Wíwọn èrè àwòrán ìgbékalẹ̀ ilé-iṣẹ́

Wíwọn èrè àwòrán ìgbékalẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni ọ̀nà tí àwọn àjọ ńlá ń gbà mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná lórí iṣẹ́ tí a mọ̀ sí enterprise architecture ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mú èrè wá. Àwòrán ìgbékalẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ojoojúmọ́, dátà, sọ́fítíwíà àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ṣe so mọ́ ara wọn lónìí, bí ó ti yẹ kí wọ́n rí lọ́jọ́ iwájú, àti àwọn ìgbésẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Èrè rẹ̀ ṣòro láti wọ̀n, nítorí àwòrán fúnra rẹ̀ kì í mú owó wọlé. Inú ìpinnu tí àwọn alákòóso bá tipasẹ̀ rẹ̀ ṣe ni èrè ti ń wá.

Ìtàn

Ní ọdún 1987, John Zachman kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà IBM Systems Journal, níbi tí ó ti fi ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wé ilé àti ọkọ̀ òfuurufú, tí a kì í kọ́ láìsí àwòrán. Ní ọdún 1995, a gbé ìlànà TOGAF jáde fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin Clinger–Cohen ti ọdún 1996 sọ iṣẹ́ yìí di dandan fún àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀. Òfin kan náà ní kí wọ́n máa wọn àbájáde owó tí wọ́n ń ná sórí ètò kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Government Accountability Office, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé ìròyìn jáde lórí àjọ ńlá 27. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa wọn èrè àwòrán ìgbékalẹ̀ wọn, kí wọ́n sì máa jábọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá àgbà. Ọdún 16 ti kọjá lẹ́yìn òfin náà.

Àwọn òṣùwọ̀n

Iye àwòrán tí a yà tàbí iye ìpàdé tí a ṣe kì í ṣe òṣùwọ̀n èrè. Wọ́n kàn ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ ni. Àwọn òṣùwọ̀n tó wúlò jù pín sí mẹ́rin:

- Ìnáwó: iye sọ́fítíwíà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àti owó ìtọ́jú wọn.
- Ìyára: iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí a pinnu iṣẹ́ tuntun àti ìgbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.
- Ewu: iye ètò àtijọ́ tí ẹni tó ṣe wọ́n kò tọ́jú mọ́, àti iye ìgbà tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró.
- Ìpinnu: iye iṣẹ́ àkànṣe tí a yí padà tàbí tí a dá dúró nítorí ohun tí àwòrán fi hàn.

Òṣùwọ̀n kẹrin ló so àwòrán mọ́ mẹ́ta yòókù.

Àpẹẹrẹ ìṣirò

Kí a gbà pé ilé-iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sọ́fítíwíà tirẹ̀ fún sísan owó oṣù. Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba náírà mílíọ̀nù 20 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 60. Nígbà tí àwòrán fi hàn pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe, àwọn alákòóso fi ẹyọ kan rọ́pò wọn. Ìyípadà náà gba mílíọ̀nù 45 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtọ́jú sọ́fítíwíà tuntun ń gba mílíọ̀nù 25 lọ́dún, ọ́fíìsì tó ń ya àwòrán sì ń gba mílíọ̀nù 5.

Owó ìtọ́jú fi mílíọ̀nù 35 dín kù lọ́dún. Ní ìparí ọdún kìíní, ilé-iṣẹ́ náà ti ná mílíọ̀nù 50, ó sì ti fi 35 pamọ́: ó pàdánù mílíọ̀nù 15. Ní ìparí ọdún kejì, ìnáwó di mílíọ̀nù 55, owó tí ó fi pamọ́ di 70: ó jèrè mílíọ̀nù 15. Ẹni tó bá dá ìṣirò dúró ní ọdún kìíní yóò sọ pé iṣẹ́ náà kò wúlò.

Àwọn ìṣòro

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni mímọ ẹni tó ni èrè. Bí iṣẹ́ bá yá sí i, ó lè jẹ́ nítorí àwòrán, ó sì lè jẹ́ nítorí òṣìṣẹ́ tuntun tàbí ẹ̀rọ tuntun. Nítorí náà ni a fi ń kọ ìpinnu kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní àsìkò tí a ṣe é.

Ìṣòro kejì ni owó tí a kò ná. Bí àwòrán bá dá ilé-iṣẹ́ dúró kó má ra ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀, kò sí rìsíìtì kankan tí yóò fi èyí hàn. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni a lè fi bù mọ́ èrè bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ ìṣirò wò.

Ìṣòro kẹta ni àìsí ìpìlẹ̀ ìfiwéra. Ilé-iṣẹ́ tí kò mọ iye tí ìtọ́jú ń gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ iye tí ó dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí wíwọ̀n fi gbọ́dọ̀ ṣáájú yíya àwòrán, tí a sì gbọ́dọ̀ máa lo òṣùwọ̀n kan náà títí dé òpin.