Ihò Mẹ́fà Nìkan Kò Tó: Yíyan Ríìmù Tí Yóò Bá Táyà Hilux Mu

Bí ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bá tẹ̀ tàbí tó là, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ó sábà gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀: "Ihò mélòó ni?" Tó bá ti jẹ́ mẹ́fà, ọ̀rọ̀ parí, wọ́n á gbé e fún yín. Lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Àkùngbá títí dé Ọ̀kà, níbi tí ọkọ̀ ti ń ru iṣu gun òkè, tó tún ń rù ú sọ̀ kalẹ̀, ìbéèrè yẹn kéré jù.

Ara táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni a kò fẹ́ pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ Hilux ló ń lo 265/65R17. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn bíi mìlímítà 172. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. 17 ni íǹṣì ríìmù tó gbà á, kò sì gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan gbé táyà 16 sórí ríìmù 16.5. Ààbọ̀ íǹṣì péré ni ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ló bẹ́, ó sì pa èèyàn. Kí àwọn fọkanáísà wa fi èyí sọ́kàn.

Fífẹ̀ ríìmù náà ní ààlà tirẹ̀. Táyà 265/65 yìí ń fẹ́ ríìmù tó fẹ̀ tó íǹṣì 7.5 sí 9.5. Ẹ dojú ríìmù bolẹ̀, ẹ ó rí ohun tó jọ 17x7½J tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku ihò. Lára Hilux oníhò mẹ́fà, òbìrípo tí àwọn ihò náà tò sí jẹ́ mìlímítà 139.7. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó dojú kọ ọ́. Nissan Navara náà ní ihò mẹ́fà, àmọ́ 114.3 ni tirẹ̀, kò lè wọlé rárá. Ìyẹn kò léwu, torí ojú yóò rí i. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni Mitsubishi L200 àti Ford Ranger, tí tiwọn náà jẹ́ 139.7. Ihò ńlá àárín ríìmù Hilux jẹ́ mìlímítà 106, ti Ranger jẹ́ 93, ti L200 jẹ́ 67. Ríìmù àwọn méjèèjì yìí kò ní wọ orí ọ́ọ̀bù Hilux, àfi tí ẹnìkan bá ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Ẹ má gbà fún un.

Ẹ tún wo lẹ́tà ET. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ojú ibi tí ríìmù ti ń kan ọ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín ríìmù gan-an. Ti Hilux oníṣì 17 sábà máa ń jẹ́ 30, ti Ranger jẹ́ 55. Bó bá pọ̀ jù, táyà á wọ inú, á súnmọ́ ṣọ́ọ̀kì. Bó bá kéré jù, á yọ síta, á máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí ọwọ́, bíárìn á sì tètè jẹ.

Ẹrù ńkọ́? Bí 112 bá wà lẹ́yìn 265/65R17, kílò 1,120 ni táyà kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ríìmù náà gbọ́dọ̀ lè gbé tó bẹ́ẹ̀. Ríìmù ọ̀ṣọ́ tó ń dán kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa iṣu.

Àwọn tó wà ní Àkùngbá ní oṣù Kínní ọdún 2021 kò lè gbàgbé ọkọ̀ ńlá tó já lu àwọn èèyàn nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Bíréékì ni ìròyìn ìgbà náà dárúkọ, kì í ṣe ríìmù. Ṣùgbọ́n òkè kan náà ni gbogbo wa ń sọ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò sì ní bi ọkọ̀ tó ń bọ̀ léèrè ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé ríìmù náà lásán, láìsí táyà, sórí ọ́ọ̀bù. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tì ló fipá fà á. Nọ́ọ̀tì náà gbọ́dọ̀ bá ihò mu: èyí tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó kì í ṣe ti ríìmù tó ń fẹ́ olójú pẹrẹsẹ. Ẹ yí i wò bóyá ó là tàbí wọ́n ti jó o pọ̀. Tí wọ́n bá ń dì í, kí wọ́n máa fo láti nọ́ọ̀tì kan sí èyí tó kọjú sí i. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 100, ẹ tún un dì. Àlọ àti àbọ̀ Ọ̀wọ̀ láti Ìkàrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.