Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ tí ó wà níwájú ilé yín

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ẹni tí ń lẹ táyà wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìlà Ọ̀ràngún lọ sí Òkè-Ìlà tàbí Ọ̀rà yóò rí wọn lẹ́bàá títì: táyà tí a tò léra, ọpọ́n omi tí a fi ń wá ibi tí ó jò, àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn mìíràn a gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àwọn ọmọ.

Ẹ má pè é ní afẹ́fẹ́ lásán. Táyà ọkọ̀ kékeré kò sábà gbà ju 30 sí 35 pọ́ùn lójú géèjì, ṣùgbọ́n táǹkì a máa gbé 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi gbogbo lára táǹkì tí ó fẹ̀ ní íńsì kan níbùú, íńsì kan lóròó, 100 pọ́ùn ni ó ń tì í láti inú. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé e. Bí ibi tí ó bò bá jẹ́ íńsì mẹ́ta sí mẹ́rin, 1,200 pọ́ùn ni ó wà lábẹ́ ọwọ́ yín, bí ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá. Irin nìkan ni ó há a mọ́.

Omi ni ó sì ń ba irin náà jẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fà ní ìrì nínú. Bí a bá fún un pọ̀ tí ó sì tutù, ìrì náà a di omi, a sì dúró sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Nígbà òjò ni ó ń pọ̀ jù. Ní alaalẹ́, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ẹnu kékeré tí ó wà lábẹ́ táǹkì kí omi náà lè dà nù. Ẹni tí kò bá ṣe é, táǹkì rẹ̀ yóò máa dípẹtà nínú nígbà tí ọ̀dà òde ṣì ń dán. Bí ihò bá yọ, àwọn kan a gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. N kò fara mọ́ ọn rárá. Bí ibì kan bá ti lu, ibi yòókù ti fẹ́lẹ́. Ẹ gé e sí méjì, kí ẹ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ohun kékeré kan wà lórí táǹkì tí ó ní òrùka. Òun ni ó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù. Mo ti rí èyí tí a fi wáyà dè pa nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́! Bí ẹ bá fa òrùka náà tí kò sì hó, ẹ má lo ẹ̀rọ náà. Bí epo bẹntiróò bá ni ó ń jẹ, ìta gbangba ni àyè rẹ̀, nítorí èéfín tí ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ẹ bá lọ kírun Jímọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó ká mi lára jù. Wọn a máa fi rọ́bà ẹ̀rọ náà fẹ́ eruku ara wọn, wọn a tì í sí etí ara wọn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ yìí lè lu ìlù etí, ó lè gba ojú egbò wọ inú ara. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ní ìlú Khulna ní ilẹ̀ Bangladesh, ọmọdékùnrin kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ rí níbi tí a ti ń tún alùpùpù ṣe, ni wọ́n ti rọ́bà afẹ́fẹ́ táyà bọ̀ nídìí. Ìfun rẹ̀ já, ó sì kú. Ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin méjì lẹ́bi.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ bi ọ̀gá rẹ̀ lójúkojú bóyá ó ń gbà kí wọ́n fi rọ́bà náà ṣeré. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ táǹkì.